Ọ́ìlì kúlà lára Subaru WRX: ṣé mo lè fi í fúnra mi nílé, àbí kí n gbé e lọ bá àwọn mẹkáníìkì Apo?

Àkànbí_Kubwa (Ọjọ́ Àìkú, 8:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Subaru Impreza WRX 2006 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì EJ255 oní 2.5 lítà tó ní tọ́bò, tòkunbọ̀ tí mo rà ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà mọ́, kò jò, kò mu ọ́ìlì. Ìrìn àjò Jos tí mo lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ló gbé mi dé ibí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá mi so gééjì ìgbóná ọ́ìlì mọ́ ọn kí n tó lọ. Mo kàn fẹ́ máa wò ó ṣeré ni. Láti Keffi dé Akwanga, 104, 106 dígírì Sẹ́ńtígírédì, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè Hawan Kibo lẹ́yìn tírélà méjì, tí mo wá ń tẹ iná mọ́ ọn kí n lè yà wọ́n sílẹ̀, ni nǹkan yí padà: 115, 121, 128. Mo yáa gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé abẹ́rẹ́ gééjì omi inú dáṣíbọ́ọ̀dù kò mira rárá. Àárín gbùngbùn ló jókòó sí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mo dúró ní Riyom kí n mu omi, mo wo páṣà ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kàn ń ṣiṣẹ́ lásán, ó ti wálẹ̀ ju bó ṣe máa ń wà lọ.

Mo fẹ́ fi ọ́ìlì kúlà sí i, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tí atẹ́gùn fi ń tu ọ́ìlì lára. Mo ní sípánà, mo ní jáàkì, ilẹ̀ ibi tí mò ń gbé ọkọ̀ sí jẹ́ kọnkéré. Ṣé ohun tí ènìyàn lè ṣe nílé ni?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (8:59 alẹ́)

Ta ló ń lé ẹ ní Hawan Kibo? Tírélà ń lọ Jos, ìwọ náà ń lọ Jos.

Ìyá Ìbejì 335 (9:10 alẹ́)

Ẹ má dá a lóhùn, Àkànbí. Ẹni tí kò bá ní tọ́bò kò mọ ohun tó ń dun onítọ́bò. BMW 335i ni tèmi, ẹ́ńjìnnì N54. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 2007, púpọ̀ nínú wọn kò ní ọ́ìlì kúlà rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń rà ti ń wá. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná kọjá ààlà, ọkọ̀ á dín agbára ara rẹ̀ kù láìbi ọ́, wàá máa tẹ iná, kò ní lọ. Àwọn ará Jámánì pàápàá wá padà fi kúlà sí i nígbẹ̀yìn. Nítorí náà, kì í ṣe àṣejù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́: ibo ni wọ́n so sẹ́ńsọ̀ gééjì rẹ mọ́?

Àkànbí_Kubwa (9:16 alẹ́)

Ẹ ṣé, Àǹtí. Ìdí fítà ni wọ́n so ó mọ́.

Bàbá Gírísì (9:31 alẹ́)

Àkànbí, mo kí ọ. Apo ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ti ju ogún ọdún lọ. O lè ṣe é nílé, kì í ṣe iṣẹ́ awo. Pílétì kan wà tí wọ́n ń pè ní sandwich plate. Àárín fítà àti ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀, ó ní ojú méjì, ọ́ìlì á gba ọ̀kan jáde lọ sí kúlà, á gba èkejì wọlé. Hósì méjì, kúlà kan, ó parí. Nínú àwọn pílétì kan, tẹmọ́sítáàtì wà. Yọ ọ́ dànù. Ìlú wa gbóná tó, a kì í ṣe ará Yúróòpù. Jẹ́ kí ọ́ìlì máa lọ sí kúlà nígbà gbogbo.

Ẹnjiníà_Jos (9:58 alẹ́)

Bàbá, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin ni àgbà, ṣùgbọ́n ibi tẹmọ́sítáàtì yẹn ni mo ti fẹ́ bá yín jiyàn.

Ọ́ìlì tútù kì í ṣe ọ́ìlì tó dáa. Ó nípọn, kì í tètè dé ibi tóóró. Omi àti bẹntiróòlù díẹ̀díẹ̀ tó ń wọ inú ọ́ìlì lójoojúmọ́, ooru ló ń lé wọn jáde. Ọ́ìlì tí kì í gbóná dé nǹkan bí 90 á máa pọ́n omi mọ́ra, tó bá yá ẹ ó máa rí nǹkan bí ọ̀rá funfun lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí. Láàárín 90 sí 110 ni mo fẹ́ kí tèmi wà. 120 lórí òkè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò ní sunkún. Tó bá ń sún mọ́ 130, ọ́ìlì ti ń ṣàn bí omi, aṣọ tínrín tó fi ń bo bẹ́árìn (irin tó gbé ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tó ń yí) lè ya. EJ sì rèé, bẹ́árìn tó ń bàjẹ́ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Tẹmọ́sítáàtì inú pílétì yẹn, ìda kékeré kan ló wà nínú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá tutù, ọ̀nà àbùjá ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì á gba ibẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá dé nǹkan bí 80 sí 85, ìda á yọ́, á wú, á ti ọ̀nà àbùjá pa, ọ́ìlì á gba kúlà. Èyí tó dáa kì í ti kúlà pa pátápátá nígbà òtútù, ó máa ń jẹ́ kí díẹ̀ máa kọjá kí ọ́ìlì inú kúlà má baà dì síbẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ kí ó ṣe tí kò ṣe.

Ẹ sọ pé ìlú wa gbóná. Ẹ wá kí wa ní Jos ní àárọ̀ ọyẹ́.

Bàbá Gírísì (10:20 alẹ́)

Ọyẹ́ Jos kọ́ ló ń wa ọkọ̀ yìí, Kubwa ló ń gbé.

Ìyá Ìbejì 335 (10:26 alẹ́)

Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹnì kan ló yọ tẹmọ́sítáàtì omi ọkọ̀ tí mo wà ṣáájú èyí, ọ̀rọ̀ yín yìí gan-an ló sọ: “ìlú wa gbóná.” Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ń mu bẹntiróòlù bí ẹni tí òùngbẹ pa ní Sókótó, fáànù ò sì sinmi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá ìdí rẹ̀.

Bàbá Gírísì (10:41 alẹ́)

Ó dáa. Ti omi, mo gbà. Àwa mẹkáníìkì ló ń yọ ọ́ nítorí pé ayédèrú ló pọ̀ lọ́jà, ó máa ń há sí ibi tó ti pa, ọkọ̀ á sì hó. Àkànbí, tí o bá máa fi tẹmọ́sítáàtì sí i, ojúlówó ni kí o rà. Bí èyí bá há, kúlà rẹ á kàn di ẹ̀ṣọ́ lára bọ́ńpà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé lórí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má ra kúlà tòkunbọ̀. Ọmọ kan gbé ọkọ̀ wá bá mi, ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. A wá òmíràn fún un, a gbé e sí i, a fọ gbogbo nǹkan. Kúlà tó wà lára rẹ̀, ó ní owó gọbọi lòun fi rà á, a dà kẹrosíìnì sí i, a fẹ́ atẹ́gùn sí i, a dá a padà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì kejì nọ́ọ̀kì. Inú bí mi, mo mú ayùn irin, mo gé kúlà náà sí méjì lórí tábìlì mi. Àwọn ihò inú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ní eyín wẹ́wẹ́ nínú. Lẹ́búlẹ́bú bẹ́árìn tó ń dán yanranyanran ló lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀ bí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́yìn òjò. Kò sí bí a ṣe lè fọ̀ ọ́ tó máa jáde tán. Ọ́ìlì gbígbóná ló ń rọra kó o wá fún ẹ́ńjìnnì tuntun. Owó ẹ́ńjìnnì méjì lọ nítorí kúlà kan. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tó bá ti nọ́ọ̀kì, kúlà rẹ̀ ní Apo mi, orí àkìtàn ló ń lọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (10:50 alẹ́)

Mi ò ṣàwàdà mọ́. Mo jókòó.

Làmídì_Kano (Ọjọ́ Ajé, 7:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Ibo ló yẹ kí ó gbé kúlà náà sí? Ẹnì kan níbí gbé tirẹ̀ síwájú kọ̀ndẹ́ńsà AC gan-an.

Ìyá Ìbejì 335 (7:40 àárọ̀)

Nínú oṣù kẹta ní Abuja? Ọkọ̀ á tutù, ẹni tó ń wà á á jóná. Ooru tó bá ń jáde nínú kúlà, kọ̀ndẹ́ńsà ló máa kọ́kọ́ gbà á, rédíétọ̀ á gba ìyókù. Bó bá ti ṣeé ṣe, ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ó wà, ibi iná fọ́ọ̀gì tàbí ihò ìsàlẹ̀ bọ́ńpà, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó sì rí ibi jáde. Ẹ fi àwọ̀n irin bò ó níwájú, nítorí òkúta ojú ọ̀nà. Ẹ má sì gbé e sí ìsàlẹ̀ jù, bọ́ǹpù àwọn ẹ́sítéètì wa yìí kì í ṣe bọ́ǹpù, òkè ni.

Ẹnjiníà_Jos (8:15 àárọ̀)

Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Àfikún tèmi:

Ojú méjèèjì kúlà, òkè ni kí wọ́n kọjú sí, tàbí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá kọjú sílẹ̀, atẹ́gùn á há sínú rẹ̀ lókè, apá kan kúlà kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ fi rọ́bà sí ìdí bọ́ọ̀tì tó gbé e dúró, torí bí ẹ bá so ó mọ́ irin gan-an, gbígbọ̀n ọkọ̀ á là á. Kúlà oní-ìlà 19 (ìlà ni àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò léra tí ọ́ìlì ń gbà) tó fún WRX tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò tíì kúrò ní bí wọ́n ṣe kó o dé. Ìlà 25 fún àwọn tó ti fi kún agbára tọ́bò.

Hósì AN-10 ni kí o lò. Ìwọ̀n AN-10 túmọ̀ sí pé ó bá páìpù tí fífẹ̀ ìta rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ ínṣì mu, ojú òrùka rẹ̀ (ibi tí a fi ń yí i wọlé) jẹ́ 7/8-14, ìyẹn fífẹ̀ 7/8 ínṣì, eyín 14 nínú ínṣì kan. Hósì tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa fún ọ́ìlì lọ́rùn. Ìdí fítà Subaru jẹ́ M20x1.5 (fífẹ̀ mìlímítà 20, eyín kan sí èkejì mìlímítà 1.5), pílétì tó bá bá a mu ni kí o rà. Lára WRX, kúlà kékeré kan tó ń fi omi tu ọ́ìlì lára ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Má yọ ọ́. Ó ń ṣèrànwọ́ láti mú ọ́ìlì gbóná ní àárọ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni pílétì máa wọ̀, fítà á tẹ̀lé e. Fítà á wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí náà wọn ibi tó fi jìnnà sí ilẹ̀ kí o tó mú ọkọ̀ kúrò lórí sítáńdì.

Bó o bá fẹ́ gé hósì tó ní irin híhun lára, wé táàpù yíká ibi tó o fẹ́ gé ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí o tó gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn fọ́nrán á ya kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, wọ́n á gún ọ lọ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí o bá gé e tán, àgékù irin àti rọ́bà ti wọ inú ihò rẹ̀ nìyẹn. Fọ̀ ọ́, fẹ́ atẹ́gùn sí i, fi aṣọ funfun fà á kọjá, títí aṣọ á fi jáde ní funfun. Ọ̀rọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí Bàbá sọ, ẹni tó bá gé hósì láìfọ̀ ọ́ ti fọwọ́ ara rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Bàbá Gírísì (8:33 àárọ̀)

Má fi táàpù funfun àwọn plọ́ńbà wé òrùka AN o. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe é. Òrùka kọ́ ló ń dí ọ́ìlì, orí tó dà bí ẹnu fùnẹ́ẹ̀lì ní 37 dígírì, òun ló ń jókòó wọnú ara wọn. Táàpù tó bá já nínú rẹ̀, inú ọ̀nà ọ́ìlì ló ń lọ. Fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lójú, fi sípánà méjì dè é: ọ̀kan dì í mú, èkejì ń yí. Alumíníọ̀mù ni, kò fẹ́ agbára.

Sítáńdì méjì lábẹ́ ọkọ̀ o! Jáàkì nìkan kò tó. Mi ò ní sọ ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Àkànbí_Kubwa (Ọjọ́ Ajé, 1:05 ọ̀sán)

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan. Ẹ ó gbọ́ láti ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (ọjọ́ 16 lẹ́yìn náà)

Àkànbí, ṣé ọ̀nà Apo lo wà ni?

Àkànbí_Kubwa (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:22 alẹ́)

Mi ò lọ Apo o. Ẹ jókòó, ìtàn wà.

Pílétì tó ní tẹmọ́sítáàtì ni mo rà, tuntun nínú páálí, kúlà ìlà 19, mítà mẹ́ta hósì. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Mo wa ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè lọ́wọ́ọ́rọ́, mo gbé e sórí sítáńdì, mo tú ọ́ìlì sílẹ̀, mo yọ fítà. Ibi ìdí èéfín ni fítà Subaru wà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ọwọ́ mi òsì ń rántí.

Bọ́ńpà gbà mí ní wákàtí kan. Mo gbé kúlà sí apá òsì, lẹ́yìn ihò iná fọ́ọ̀gì, ojú rẹ̀ méjèèjì sókè. Mo fi irin pẹlẹbẹ méjì tí oníwẹ́dà àdúgbò bá mi tẹ̀ gbé e dúró, rọ́bà wà láàárín. Hósì ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Mo kọ́kọ́ fi okùn lásán wọn ọ̀nà tó máa gbà, kí n tó gé ohunkóhun. Ìgbà kejì tí mo wọ̀n ọ́n ni mo rí i pé yóò sún mọ́ bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì bá mì. Mo tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, mo fi rọ́bà yí i ká níbi tó ti kọjá lára irin. Aṣọ funfun tí Ẹnjiníà sọ, mẹ́rin ni mo lò. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní dúdú, fọ́nrán irin mẹ́ta sì wà lára rẹ̀, wọ́n rí bí irun ẹnu ológbò. Mo wò wọ́n pẹ́. Inú ẹ́ńjìnnì mi ni àwọn mẹ́ta yẹn ń lọ.

Mo rọ ọ́ìlì sínú kúlà kí n tó so ó pọ̀, mo rọ ìyókù sínú ẹ́ńjìnnì. Mo gé iná pọ́ńpù bẹntiróòlù, mo wá ń yí i láìjẹ́ kó mú iná, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo sinmi, mẹ́wàá mìíràn, títí iná ọ́ìlì pupa fi kú. Gbogbo rẹ̀ pé. Mo dá iná pọ́ńpù padà, mo sítáàtì rẹ̀.

Láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ọ́ìlì ti tú jáde lábẹ́ ọkọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ya kẹ́ẹ̀gì. Mo pa á kíákíá. Ìyàwó mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wò mí, ó padà wọlé láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn dùn mí ju ọ́ìlì lọ.

Mo rò pé pílétì ló là, mo rò pé rọ́bà rẹ̀ ló yí. Mo tú gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà fítà àtijọ́ kò tẹ̀lé fítà jáde. Ó lẹ̀ mọ́ ojú irin lókè, dúdú lórí dúdú. Mo ti fi ìka kan ibẹ̀ ní àárọ̀, mo rò pé ara irin ni. Rọ́bà pílétì wá jókòó lé e lórí, rọ́bà méjì lórí ara wọn, páṣà ọ́ìlì sì tì wọ́n jáde. Mo fi èékánná ṣí i, ó bọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Mo lọ gba lẹ́búlẹ́bú igi lọ́dọ̀ káfíńtà, mo dà á sórí ọ́ìlì ilẹ̀, mo tún gbogbo rẹ̀ so, mo yí i títí iná fi kú, mo sítáàtì rẹ̀. Gbẹ. Mo gbà á láyè ìṣẹ́jú ogún, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo oríkèé. Gbẹ. Mo tún fi ọ́ìlì kún un, nǹkan bí ìdajì lítà lórí iye tó máa ń gbà.

Bàbá Gírísì (9:40 alẹ́)

Ọmọ mi, gásíkẹ́ẹ̀tì méjì! Kò sí mẹkáníìkì tí kò tíì ṣe é rí. Ẹni tó bá sọ pé òun ò ṣe é rí, kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Fítà tí o bá yọ, yí i padà kí o wo ẹnu rẹ̀. Bí rọ́bà kò bá sí níbẹ̀, ó wà lókè.

Ẹnjiníà_Jos (9:52 alẹ́)

Gééjì ńkọ́? Ìyẹn ni mò ń dúró dè.

Àkànbí_Kubwa (10:03 alẹ́)

Àná ni mo dé láti Jos. Ooru ọ̀sán ni mo bá pàdé ní Hawan Kibo, tírélà wà níbẹ̀ bí ìṣe wọn, mo sì tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́. 109 ló ga jù. Láti Keffi dé Akwanga, 93, 94, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Páṣà ọ́ìlì ní Riyom kò wálẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ tí mo bá sì fẹ́ jáde láti Kubwa, bó ṣe ń pẹ́ kó tó gbóná tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń pẹ́, kò yí padà. Bàbá, tẹmọ́sítáàtì yẹn ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Gírísì (10:11 alẹ́)

Mo ti gbọ́. Ẹnjiníà, má rẹ́rìn-ín.

Làmídì_Kano (10:30 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota ni tèmi. Ṣé pílétì kan náà ni?

Bàbá Gírísì (10:38 alẹ́)

Rárá o. Ìdí fítà Toyota púpọ̀ jẹ́ 3/4-16, ti Subaru àti Honda ni M20x1.5. Wọ́n jọra lójú, wọ́n á sì fẹ́ wọ ara wọn fún ìyí kan tàbí méjì kí wọ́n tó jẹ ojú ara wọn. Mú fítà rẹ dání lọ sọ́jà, kí o yí i mọ́ bọ́ọ̀tì pílétì lójú ẹni tó ń tà á. Bí kò bá fi ọwọ́ lásán yí wọlé dé ìdí, má san owó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (10:44 alẹ́)

Àkànbí, ìgbà wo lo tún ń lọ Jos? Mo fẹ́ wá wo 109 yẹn fúnra mi. Ọ̀dùnkún ni mo fẹ́ rà padà wálé.

Àkànbí_Kubwa (10:47 alẹ́)

Mú owó bẹntiróòlù dání. Ẹ̀yìn ni wàá jókòó sí.